Ẹ Kọ́kọ́ Ka Èrò: Àgbéyẹ̀wò Ẹ̀kọ́ Ìṣètò Ìrìnnà ní Fásitì

Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ka iye ènìyàn Nàìjíríà lọ́dún 2006, wọ́n ní àwọn tó ń gbé ìpínlẹ̀ Èkó fi díẹ̀ ju mílíọ̀nù 9 lọ. Ìjọba Èkó náà ṣe ìkànìyàn tirẹ̀ lákòókò kan náà, tiwọn sì ju mílíọ̀nù 17 lọ. Láti ìgbà náà, orílẹ̀-èdè yìí kò tíì ka ènìyàn mọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá wọlé lónìí láti gboyè kejì nínú ìṣètò ìrìnnà, iṣẹ́ tí wọn yóò kọ́kọ́ gbé fún un ni ìṣirò tó dá lórí iye ènìyàn: mélòó ló ń gbé àdúgbò yìí, mélòó ló ń ṣiṣẹ́ lápá ọ̀hún, ọkọ̀ mélòó ni wọn yóò nílò láàárín agogo mẹ́fà sí mẹ́sàn-án àárọ̀? Bí iye tí a fi bẹ̀rẹ̀ bá fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì lọ́wọ́ ẹlòmíràn, kò sí ìṣirò kankan tó tẹ̀lé e tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè dúró.

Nítorí èyí ni mo ṣe gbà pé ìbéèrè tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń béèrè nípa ẹ̀kọ́ yìí kò tíì dé ìdí ọ̀rọ̀. Wọ́n ń béèrè bóyá iṣẹ́ wà níbẹ̀. Wọ́n ń béèrè bóyá kí àwọn lọ sí òkè òkun àbí kí àwọn dúró sílé. Ìbéèrè gidi ni, n ó sì dé orí wọn. Èyí tó ṣáájú wọn ni pé, kí ni ẹ̀kọ́ náà ń kọ́ ènìyàn láti kà, kí ni kò sì kọ́ ọ láti kà? Ibi tí wọ́n ti dá a sílẹ̀ ṣì ń darí ohun tí ó ń rí, ọ̀pọ̀ ohun tí kì í rí ló sì wà lọ́dọ̀ àwa tí dánfó, kórópe, Míkírà àti ọ̀kadà ń gbé kiri.

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ẹ̀kọ́ náà ti gbilẹ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, mọ́tò pọ̀ níbẹ̀ kọjá ohun tí títì lè gbà, ìjọba sì fẹ́ la ọ̀nà márosẹ̀ káàkiri. Níbo ni kí ọ̀nà náà gbà, báwo ló sì ṣe yẹ kó fẹ̀ tó? Ní Detroit lọ́dún 1953, lẹ́yìn náà ní Chicago láti ọdún 1955, J. Douglas Carroll àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ rán ènìyàn láti ilé dé ilé lọ béèrè ọ̀rọ̀: ta ló ń gbé ibí, níbo ló lọ lánàá, kí ló lọ ṣe, kí ló wọ̀ lọ? Inú ìdáhùn wọ̀nyẹn ni ìlànà onípele mẹ́rin ti jáde, òun sì ni ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí títí dòní. Ìpele kìíní ń ṣírò iye ìrìn tó ń jáde láti àdúgbò kọ̀ọ̀kan àti iye tó ń wọ ibẹ̀. Ìkejì ń so wọ́n pọ̀: nínú àwọn tó jáde ní Agége, mélòó ló ń lọ sí Ìkejà, mélòó ló ń sọdá sí Ìsàlẹ̀ Èkó? Ìkẹta ń pín wọn sórí ohun tí wọn yóò wọ̀. Ìkẹrin ń pín ọkọ̀ sí ojú ọ̀nà, kí a lè mọ ibi tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ yóò ti ṣẹlẹ̀.

Ìpele kẹrin yìí jinlẹ̀ ju bó ṣe rí lójú lọ. Lọ́dún 1952 ni John Wardrop, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ṣàlàyé pé àwọn awakọ̀ yóò máa pààrọ̀ ọ̀nà títí yóò fi di pé kò sí ẹni tó lè tètè dé nípa yíyà sí ọ̀nà mìíràn mọ́. Dírẹ́bà tó mọ gbogbo ọ̀nà ẹ̀bùrú láti Ìyànà Ìpájà dé Ọ̀ṣòdì ti ń fi ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ìṣirò Wardrop kí akẹ́kọ̀ọ́ tó fi kọ̀ǹpútà ṣe é. Ọ̀rọ̀ Wardrop tún ràn wá lọ́wọ́ láti mọ̀ pé bí a bá la ọ̀nà tuntun, àwọn tó ń gba ibòmíràn yóò ya wá síbẹ̀, àwọn tó ti jókòó sílé tẹ́lẹ̀ yóò sì gbé ọkọ̀ jáde. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìgbìmọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní SACTRA fi ìwádìí gbe èyí lẹ́sẹ̀ lọ́dún 1994, ìjọba ibẹ̀ sì yí ọ̀nà tí wọ́n fi ń gbé títì yẹ̀ wò padà. Gómìnà wo ló ti gbọ́ ọ lọ́dọ̀ wa kí ó tó bu ẹ̀gbẹ́ títì láti fẹ̀ ẹ́? Ìdí kan tí a fi nílò àwọn tó kàwé yìí dé òkè nìyẹn.

Nínú gbogbo ìtàn ẹ̀kọ́ náà, èyí tí mo fẹ́ràn jù lọ ni ti reluwé BART. Ọdún 1972 ni reluwé yìí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní agbègbè San Francisco. Àwọn tó kọ́ ọ ti sọ tẹ́lẹ̀ pé ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn òṣìṣẹ́ agbègbè náà ni yóò máa wọ̀ ọ́. Daniel McFadden, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ní fásitì Berkeley, gba ọ̀nà mìíràn yọ. Òun àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ bi àwọn ènìyàn léèrè, kí reluwé náà tó dé, bí wọ́n ṣe ń lọ síbi iṣẹ́, iye tí wọ́n ń san, bí ìrìn ẹsẹ̀ dé ibùdókọ̀ ṣe jìn tó, bí wọ́n ṣe ń dúró pẹ́ tó. Ó gbà pé ẹnì kọ̀ọ̀kan ń wọn àkókò, owó àti wàhálà pọ̀, tí yóò sì mú èyí tó sàn fún òun. Ó tún gbà pé olùwádìí kò lè rí gbogbo ohun tó wà lọ́kàn ẹni, nítorí náà ó fi àyè sílẹ̀ nínú ìṣirò fún ohun tí kò hàn. Iye tó sọ ni ìdá 6.3. Nígbà tí reluwé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tán tí wọ́n kà á, ìdá 6.2 ni wọ́n bá. Lọ́dún 2000, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel.

Ohun tó gún mi lọ́kàn níbẹ̀ ni pé kò fojú di ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó bi léèrè. Kò sọ pé wọn kò mọ ohun tó dára fún wọn. Ó bi wọ́n, ó gba ìdáhùn wọn gbọ́, ó sì fi ìṣirò tó nípọn bọ̀wọ̀ fún un. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan kò bá rí nǹkan mìíràn mú jáde nínú oyè kejì ju ìwà yìí lọ, owó rẹ̀ kò ṣòfò.

Àwọn tí kò ní ìwà náà ló pọ̀. Lọ́dún 2005, Bent Flyvbjerg, ọmọ Denmark, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àsọtẹ́lẹ̀ àwọn iṣẹ́ reluwé láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ jáde, wọ́n sì fi wé iye èrò tó wọ̀ wọ́n ní tòótọ́. Nínú reluwé mẹ́wàá, mẹ́sàn-án ni wọ́n ti sọ iye tó pọ̀ ju òtítọ́ lọ, àsọdùn náà sì jẹ́ ìdá 106 nínú ọgọ́rùn-ún ní ìpíndọ́gba. Kì í ṣe àìmọ̀ nìkan ló fà á. Ẹni tó fẹ́ kí ìjọba fọwọ́ sí iṣẹ́ rẹ̀ mọ̀ pé iye ńlá ni yóò tú àpò. Ó yẹ kí gbogbo fásitì tó ń kọ́ni ní ìṣètò ìrìnnà fi ìwádìí yìí sí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọ̀gá yóò fi ọgbọ́n sọ fún un pé kí ó bu kún iye rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wá gbé irinṣẹ́ wọ̀nyí wá sílé. Ìyá oníṣòwò kan jáde ní Ìkòròdú ní ìdájí, ó fẹ́ ra rodo ní Máìlì 12, kí ó gbé e lọ tà ní Múṣin. Ìlànà onípele mẹ́rin yóò pe èyí ní ìrìn kan láti ilé dé ibi iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀, ó wọ ọ̀kadà dé ẹnu títì, ó wọ dánfó dé ọjà, ó fẹsẹ̀ rìn kiri ọjà, ó sanwó fún alábàárù, ó wá ọkọ̀ tí yóò gba àpò rodo, ó sanwó ẹrù lọ́tọ̀, ó tún sọ̀ kalẹ̀ wọ òmíràn. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá bi í pé “ẹ̀yin ìyá, kí lẹ wọ̀ dé ibi iṣẹ́?” tí ó sì fún un ní àpótí kan ṣoṣo láti fi àmì sí, irọ́ ni ìwé náà yóò pa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òtítọ́ ni ìyá sọ.

Dánfó fúnra rẹ̀ kò sí nínú ìwé tí wọ́n kọ ní Chicago. Ìwé náà gbà pé ọkọ̀ ní àkókò tó ń dé. Dánfó ń dúró ní gáréèjì títí yóò fi kún ni. Láàárọ̀, kò ní pẹ́ kún. Lọ́sàn-án, èrò lè jókòó sínú rẹ̀ títí ara yóò fi wó o, akẹ́kọ̀ọ́ sì gbọ́dọ̀ pinnu bóyá ìdúró inú ọkọ̀ yẹn jẹ́ ìdúró tàbí ìrìn. Owó ọkọ̀ ń lọ sókè bí òjò bá ṣú. Ó ń lọ sókè bí ọdún bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Kọ́ńdọ́ lè pe ibì kan kí ọkọ̀ sì yí padà láàárín ọ̀nà, nítorí pé èrò pọ̀ lápá kejì. Àgbèrò ń gbowó ní ibùdókọ̀ kan dé òmíràn, owó tí awakọ̀ yóò jíṣẹ́ fún ọlọ́kọ̀ lálẹ́ sì wà lọ́rùn rẹ̀, méjèèjì ló ń pinnu iye ìgbà tí yóò sáré lọ sáré bọ̀. Ìlànà wà nínú gbogbo èyí, gbogbo èrò Èkó ló sì mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá lo ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ní gáréèjì pẹ̀lú ìwé àti sùúrù lè kọ ọ́ sílẹ̀ kí ó sì ṣírò rẹ̀. Iṣẹ́ oyè kejì tó péye ni.

Ìṣòro owó tún wà níbẹ̀. Ní ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo, lítà epo kan fò láti ìsàlẹ̀ ₦200 dé ohun tó ju ₦480 lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹni tó ti lo ọdún kan láti fi ìwádìí mọ iye tí èrò fẹ́ san kí ó lè fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá dín ìrìn rẹ̀ kù, iṣẹ́ rẹ̀ ti gbó lọ́sàn-án kan. Ní ilẹ̀ tí owó ti ń yí báyìí, bí ènìyàn ṣe ń yí ìwà padà bí owó bá yí ló yẹ ká kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti wọ̀n: ta ló ṣíwọ́ láti máa jáde, ta ló bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ rìn, ta ló wá ilé sí ẹ̀gbẹ́ ibi iṣẹ́?

Àwọn wo ló ń kọ́ni níbí? Ẹnu ọ̀nà jọ́gíráfì ni ẹ̀kọ́ náà gbà wọ ilẹ̀ Yorùbá. Ẹ̀ka yẹn ti wà ní University College, Ìbàdàn láti ọdún 1948 tí wọ́n dá a sílẹ̀. Akin Mábògùnjẹ́, tó kàwé níbẹ̀ tó sì padà kọ́ni níbẹ̀, ló kọ Urbanization in Nigeria lọ́dún 1968. Òun ló di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ jọ́gíráfì lágbàáyé. Ìwé rẹ̀ kọ́ wa pé ìlú Yorùbá ti wà kí ọ̀nà mọ́tò tó dé, pé ààfin àti ọjà ló pinnu ibi tí ẹsẹ̀ ń gbà, kì í ṣe ilé iṣẹ́ ńláńlá. Ní Ìbàdàn kan náà, ní ilé ìwádìí NISER, Adéṣọjí Adéṣànyà gbé ìwádìí jáde lọ́dún 1998 nípa ọ̀kadà gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ akérò nílùú náà, nígbà tí ọ̀pọ̀ aláṣẹ ṣì ń wo ọ̀kadà bí ìyọnu lásán. Ìtàn tó yẹ kí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wa mọ̀ dáadáa nìyí, nítorí ó fi hàn pé a ti ń ka ohun tiwa tipẹ́.

Lónìí, fásitì FUTA ní Àkúrẹ́ àti LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní ẹ̀ka tó dá dúró fún ọ̀rọ̀ ìrìnnà, Fásitì Ìpínlẹ̀ Èkó ní ilé ẹ̀kọ́ ìrìnnà tirẹ̀ ní Ọ̀jọ́, ilé ẹ̀kọ́ NITT sì wà ní Zaria láti ọdún 1986. Ní èrò tèmi, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn tẹ̀ sí apá ìṣàkóso: bí a ṣe ń darí ilé iṣẹ́ ọkọ̀, èbúté àti ẹrù. Ìmọ̀ tó wúlò ni. Ẹni tó bá fẹ́ ìṣètò gan-an ní láti kó o jọ fúnra rẹ̀, díẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ẹnjiníà, díẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn oníṣètò ìlú, díẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé. Bí fásitì kan bá lè kó gbogbo wọn sí kíláàsì kan, yóò ṣe ohun ńlá. Ẹnjiníà kì í fẹ́ bi ènìyàn ní ìbéèrè, ó fẹ́ràn kọnkéré. Ọmọ jọ́gíráfì mọ bí a ṣe ń béèrè, ìṣirò ló ń bà á lẹ́rù. Wọ́n nílò ara wọn, ó sì dára kí wọ́n ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó débi iṣẹ́.

Ní ti òkè òkun, orúkọ tí ẹ ó máa gbọ́ jù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Institute for Transport Studies ti Leeds, UCL àti Imperial ní London, àti Newcastle. Ní Amẹ́ríkà, Berkeley àti MIT. Ní Netherlands, Delft. Ọdún kan ni oyè kejì ń gbà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún méjì ni ní Delft. Ọdún kan yẹn kúrú gan-an fún ẹni tí kò ṣe ìṣirò púpọ̀ ní oyè àkọ́kọ́, nítorí pé oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ni wọn yóò da McFadden àti Wardrop lé e lórí. Láti oṣù Kìíní ọdún 2024, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ irú oyè kejì bẹ́ẹ̀ mú aya tàbí ọmọ dání mọ́. Ọdún méjì tí wọ́n ń fún ènìyàn láti dúró wáṣẹ́ lẹ́yìn ẹ̀kọ́ yóò sì di oṣù 18 fún àwọn tó bá béèrè fún un láti oṣù Kìíní ọdún 2027. Ẹni tó bá ń lọ nítorí àtidúró síbẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣírò gbogbo èyí kí ó tó tajà tàbí ta ilẹ̀ san owó ilé ẹ̀kọ́. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Chevening ń béèrè pé kí o ti ṣiṣẹ́ bí ọdún méjì ṣáájú, kí o sì padà sílé fún ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn kan ka èyí sí ìdènà. Èmi rí i pé ó bá ẹ̀kọ́ yìí mu, torí pé ẹni tí kò tíì ṣiṣẹ́ nílé kò ní mọ ohun tí ó yẹ kí ó béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ rẹ̀ níbẹ̀.

Ewu tó wà nínú kíkàwé ní London ni ọ̀pọ̀ dátà. Ọmọ Yorùbá tó bá lo ọdún kan níbẹ̀ yóò bá ìwádìí ilé-dé-ilé tí wọ́n ń ṣe lọ́dọọdún, káàdì tó ń sọ ibi tí èrò ti wọ reluwé, àti bọ́ọ̀sì tí ẹ̀rọ ń tọ ipa rẹ̀ láti ìṣẹ́jú dé ìṣẹ́jú. Ó di akẹ́kọ̀ọ́jáde, ó padà sí Òṣogbo tàbí Abẹ́òkúta, ó jókòó, ó ń dúró de dátà. Dátà kò ní wá. Cape Town sàn jù fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, lójú tèmi. Fásitì ibẹ̀ pẹ̀lú ti Nairobi àti Dar es Salaam pawọ́ pọ̀ láti bí ọdún 2008 láti máa ṣe ìwádìí nípa ọkọ̀ akérò Áfíríkà, ìwé Paratransit in African Cities tó jáde lọ́dún 2016 sì wà lára èso rẹ̀. Àwọn tó ń sọ Faransé ní Àjàṣẹ́ àti Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin, ní EAMAU ní Lomé nítòsí, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ oníṣètò ìlú fún orílẹ̀-èdè púpọ̀. Ọ̀nà márosẹ̀ tí wọ́n fẹ́ là láti Abidjan dé Èkó, 1,028 kìlómítà, yóò nílò àwọn tó gbọ́ èdè Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì, tó tún lè bá àwọn oníṣòwò ẹnu ibodè sọ̀rọ̀ ní Yorùbá.

Ohun tí fásitì lè ṣe láìdúró de ẹnikẹ́ni, Nairobi ti fi hàn. Kò sẹ́ni tó ní àwòrán ilẹ̀ tó sọ ibi tí àwọn mátátù, ìyẹn dánfó ìlú náà, ń gbà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Fásitì Nairobi, pẹ̀lú àwọn olùwádìí láti MIT àti Columbia, mú fóònù lọ́wọ́, wọ́n wọ mátátù káàkiri, gbogbo ibi tó ti dúró gbérò ni wọ́n ń tẹ̀ sínú fóònù. Lọ́dún 2014, wọ́n tẹ àwòrán jáde tó fi ọ̀nà mátátù tó ju 130 hàn, ní àwọ̀ oríṣiríṣi, bíi ti reluwé abẹ́ ilẹ̀. Wọ́n kó dátà náà sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, Google Maps sì mú un lò lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ohun tí aláṣẹ rò pé rúdurùdu lásán ni wá hàn bí ètò. Mo ń wo Ìbàdàn, níbi tí Míkírà ti ń gbérò láti Òjòó dé Challenge, láti Dùgbẹ̀ dé Ìwó Road, mo sì mọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ ogún lè ya àwòrán yẹn láàárín sáà kan.

Ní Èkó, ìmọ̀ àti ìṣe ti pàdé rí. Òfin ọdún 2002 ló dá LAMATA, ilé iṣẹ́ ìjọba Èkó fún ọ̀rọ̀ ìrìnnà, sílẹ̀, Báńkì Àgbáyé sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ka bí Curitiba ní Brazil ṣe ń ya ọ̀nà sọ́tọ̀ fún bọ́ọ̀sì láti ọdún 1974, wọ́n wo TransMilenio, irú ètò bẹ́ẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní Bogotá lọ́dún 2000, wọn kò sì dà á kọ bó ṣe rí. Owó tí Bogotá ná kò sí. Wọ́n gé e mọ ìwọ̀n: wọ́n fi ìdènà pààlà sí ẹ̀gbẹ́ títì tó wà nílẹ̀, níbi tí àyè wà, wọ́n sì ná nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.7 dọ́là lórí kìlómítà kan. Ọjọ́ 17 oṣù Kẹta ọdún 2008 ni ọkọ̀ BRT àkọ́kọ́ rin 22 kìlómítà láti Máìlì 12 dé CMS. Ohun tí mo gbóríyìn fún jù níbẹ̀ ni pé wọ́n mú ẹgbẹ́ awakọ̀ wọ inú iṣẹ́ náà, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wọn sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wa ọkọ̀ náà. Ẹni tó bá kọ́ ìṣirò nìkan ì bá ti fi wọ́n sílẹ̀ lẹ́yìn, ì bá sì ti rí ìjà. Dàyọ̀ Mobereọlá, tó jẹ́ ọ̀gá LAMATA nígbà náà, kọ ìròyìn iṣẹ́ náà fún Báńkì Àgbáyé lọ́dún 2009. Nínú gbogbo ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ lè kà nípa Èkó, mi ò mọ èyí tó kúrú tó sì kún bíi rẹ̀.

Ìdàkejì rẹ̀ ni reluwé Jákàńdè. Lateef Jákàńdè ti ní ètò reluwé fún Èkó nígbà tó ṣe gómìnà láàárín ọdún 1979 sí 1983. Ìjọba ológun fagi lé e lọ́dún 1985. Ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 ni èrò ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ reluwé Blue Line láti Marina dé Máìlì 2, ọ̀nà 13 kìlómítà, lẹ́yìn tí iṣẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2010. Red Line, 27 kìlómítà láti Àgbàdo dé Oyingbo, tẹ̀ lé e ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024. Kò sí ìpele kankan nínú ìpele mẹ́rin tó lè sọ tẹ́lẹ̀ pé reluwé yóò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Òfin, ìwé àdéhùn, bí a ṣe ń yá owó, bí ìjọba kan ṣe ń bá iṣẹ́ ìjọba tó ṣáájú lọ: ó yẹ kí àwọn wọ̀nyí jẹ́ iṣẹ́ dandan, kì í ṣe ẹ̀kọ́ àṣàyàn tí ọmọ lè fò.

Ní ti irinṣẹ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Sọ́fítíwíà bíi Visum àti EMME wọ́n, ọ̀pọ̀ fásitì wa kò lè rà wọ́n. SUMO tí àwọn ará Jámánì ṣe jẹ́ ọ̀fẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ni MATSim, QGIS àti OpenStreetMap. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá mọ̀ wọ́n dáadáa kò ní ìdí láti máa sunkún Visum.

Ohun tó yẹ kí a sunkún ni àwọn ìbéèrè tó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni gbé nílé. Gina Porter ti fásitì Durham ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí lórí ìrìn àwọn obìnrin àti ọmọdé ní Áfíríkà, Nàìjíríà sì wà nínú rẹ̀: ẹrù orí, ọ̀nà oko, ìbẹ̀rù ọ̀nà alẹ́, ọwọ́kọ́wọ́ tí àwọn ọkùnrin ń nà sí ọmọbìnrin ní ibùdókọ̀. Ó ṣòro láti rí àpilẹ̀kọ oyè kejì nílé tó gbé irú rẹ̀ kalẹ̀ fún Ìlọrin tàbí Adó-Èkìtì. Ẹlẹ́sẹ̀ náà kò sí nínú ìṣirò, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ ojú omi láti Ìkòròdú. Títì Àpápá nìkan, pẹ̀lú táńkà àti tírélà tó ti dí i fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó láti fún ọmọ mẹ́wàá ní oyè ọ̀mọ̀wé.

Iṣẹ́ ńkọ́? Ó wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò pọ̀ bíi ti báńkì. LAMATA àti àwọn ilé iṣẹ́ ìrìnnà ìpínlẹ̀ ń gba ènìyàn, àwọn ilé iṣẹ́ agbaninímọ̀ràn tí Báńkì Àgbáyé àti Báńkì Ìdàgbàsókè Áfíríkà ń gbéṣẹ́ fún ń wá wọn, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń fi ìkẹ́rù jẹun náà ń wá wọn. Àwọn ìjọba ìbílẹ̀, tí títì àdúgbò àti gáréèjì wà lọ́wọ́ wọn lábẹ́ òfin, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní oníṣètò ìrìnnà kankan. Ibẹ̀ ni àìní pọ̀ jù sí.

Ọ̀rọ̀ tó kù ni ibi tí àpilẹ̀kọ ń lọ. Lọ́dọọdún, àwọn ọmọ wa ń dúró nínú oòrùn ní oríta, wọ́n ń ka ọkọ̀, wọ́n ń fún èrò ní ìwé ìbéèrè. Wọ́n di àpilẹ̀kọ náà ní èèpo dúdú, wọ́n gbé e fún ẹ̀ka, ó tán. Ẹni tó tẹ̀ lé wọn tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo, ní oríta mìíràn, pẹ̀lú fọ́ọ̀mù mìíràn, tí a kò fi ní lè fi ọdún kan wé èkejì. Èyí ṣeé tún ṣe láìsí Báńkì Àgbáyé. Kí Ìbàdàn mú Ìwó Road, kí FUTA mú Ọjà Ọba Àkúrẹ́, kí LAUTECH mú Táákì, kí Fásitì Ìpínlẹ̀ Èkó mú Ìyànà Ìbà. Kí fọ́ọ̀mù wọn jẹ́ ọ̀kan náà, ọ̀sẹ̀ kan náà nínú oṣù Kẹwàá, láti agogo mẹ́fà àárọ̀ dé mẹ́sàn-án alẹ́: ọkọ̀, ọ̀kadà, kẹ̀kẹ́ Márúwá, ẹlẹ́sẹ̀, ẹlẹ́rù, owó ọkọ̀ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí oṣù Kejìlá tó parí, fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ẹ, ìjọba ìbílẹ̀ ni kí wọ́n sì kọ́kọ́ fún. Ìbàdàn lè bẹ̀rẹ̀ ní sáà tó ń bọ̀, torí pé Ìwó Road kò jìnnà sí fásitì, ibùdókọ̀ tuntun tí ìjọba ìpínlẹ̀ kọ́ ti wà níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè sọ fún wa lónìí iye èrò tí ó ń gbà àti iye tó ṣì ń dúró sójú títì níwájú rẹ̀.